Márùn-ún Lóòjọ́: Òfin Pípa Ẹja Nínú Adágún Ìjọba ní Amẹ́ríkà

Bí a bá bi apẹja ilẹ̀ wa pé ta ni ó kó ẹja sínú omi, yóò ní Ọlọ́run ni. Òótọ́ ni ó sì sọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ adágún ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́rì ni ó kó ẹja wá. Ìjọba ni ó sìn ín láti inú ẹyin, ìjọba ni ó bọ́ ọ títí ó fi dàgbà, ìjọba náà ni ó sì dà á sínú omi kí àwọn ènìyàn lè wá fi ìwọ̀ mú un. Nítorí náà, ìjọba ni ó ń sọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gbé lọ sílé lóòjọ́, ìgbà tí ó lè mú un, àti ohun tí ó lè fi mú un.

Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní Amẹ́ríkà pọ̀ lóde òní. Bàbá tàbí ìyá tí ó bá lọ kí wọn lè bá wọn dé etí irú adágún bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ará Ẹ̀pẹ́ tàbí ará Ìlàjẹ, tí ó ti mọ iṣẹ́ omi láti kékeré, ojú ẹsẹ̀ ni ọwọ́ yóò ti máa yún un. Kí ó rọra o! Pátákó kan sábà máa ń wà létí omi tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kà. Ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ omi kò ní gba "n kò mọ̀" lọ́wọ́ rẹ̀.

Orúkọ ẹja náà ní èdè Òyìnbó ni trout. Nínú ìwé yìí, a ó máa kọ ọ́ ní tíráòtù, bí ẹnu wa ti lè pè é. Ẹ pè é sókè: tí-rá-ò-tù. Ó dára.

Oríṣiríṣi ni tíráòtù. Èyí tí wọ́n ń sìn jù ni wọ́n sọ ní orúkọ òṣùmàrè, nítorí ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú kan tí ó lọ gbọọrọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ ń yọ̀, ìpẹ́ rẹ̀ kéré, àmì dúdú wínníwínní sì wà lára rẹ̀. Ẹran rẹ̀ dùn. Ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn odò ti ń ṣàn lọ sínú Òkun Pàsífíìkì, jẹ́ ara ibi tí Ọlọ́run dá a sí. Ní ọdún 1872, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Livingston Stone dá ibi ọ̀sìn ẹja sílẹ̀ létí odò McCloud ní ìpínlẹ̀ California. Ẹja mìíràn ni wọ́n kọ́kọ́ rán an lọ sìn, ṣùgbọ́n ní 1879 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹyin tíráòtù níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹyin ẹja ṣeé gbé rìn bí a bá fi nǹkan tútù tọ́jú rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe gbé tíráòtù kiri ayé. Ó dé Áfíríkà náà: ní 1905, irú rẹ̀ kan dé orí àwọn òkè gíga ilẹ̀ Kenya láti Scotland.

Kí ló dé tí kò sí ní odò Ògùn tàbí odò Ọ̀ṣun? Ooru ni. Omi tútù ni ẹja yìí fẹ́, omi tí ó tutù bí èyí tí a gbé jáde láti inú fìríìjì. Bí omi bá gbóná tó ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, ìdààmú dé bá a. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè kú. Omi tiwa sì ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ fi àrọ̀ àti ẹpìyà wa sílẹ̀ fún wa.

Nǹkan kan tún wà nípa tíráòtù tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ gbogbo òfin tí a fẹ́ẹ́ sọ. Àárín òkúta wẹ́wẹ́ ni ó ń yé sí, níbi tí omi tútù ti ń ṣàn kọjá. Omi tí ń ṣàn náà ni ó ń gbé afẹ́fẹ́ ìmí lọ bá ẹyin. Nínú adágún tí omi rẹ̀ dúró, tí ẹrẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀, tí odò tí ó dára kò sì wọ inú rẹ̀, ẹyin yóò bàjẹ́. Ẹja ńláńlá lè wà nínú irú adágún bẹ́ẹ̀, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sanra, síbẹ̀ kí wọ́n má lè bímọ kan ṣoṣo. Bí a bá mú wọn tán, wọ́n tán nìyẹn, àfi bí lọ́rì bá tún dé.

Ọgbà ọ̀sìn ni lọ́rì náà ti ń bọ̀. Níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ a di abo ẹja mú, wọn a fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹyin a sì bọ́ sínú abọ́. Wọn a fún àtọ̀ akọ lé e lórí, wọn a rò ó pọ̀. Ẹyin náà a wà nínú omi tútù tí ń ṣàn fún bí oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó pa. Lẹ́yìn èyí, bíbọ́ ni iṣẹ́: ọdún kan, tàbí ọdún kan àti ààbọ̀, títí ẹja yóò fi tó ohun tí a lè fi sínú àwo. Oúnjẹ lowó, omi lowó, òṣìṣẹ́ ń gba owó oṣù. Nígbà tí ó bá tó àkókò, wọn a kó ẹja sínú lọ́rì tí ó ní àgbá omi àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Àwọn adágún kan wà lórí òkè tí lọ́rì kò lè dé. Ní ìpínlẹ̀ Utah, ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi ń da àwọn ọmọ ẹja kéékèèké sínú irú wọn láti ojú ọ̀run. Èmi náà rò pé ìtàn ìjàpá ni nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ọmọ ẹja kò wúwo, ó ń balẹ̀ sínú omi bí ewé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni kì í kú.

Ta ni ń san owó gbogbo rẹ̀? Àwọn tí ń pa ẹja ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ẹ́ ju ìwọ̀ gbọ́dọ̀ ra láísẹ́ǹsì. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 16 ni òfin yìí mú. Ní Pennsylvania, ìwé méjì ni: láísẹ́ǹsì ẹja gbogbo, àti ìwé àṣẹ tíráòtù lọ́tọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, láti 1950 ni òfin kan ti wà ní Amẹ́ríkà pé owó orí tí ó wà lórí ọ̀pá ìwọ̀ àti àwọn ohun èlò ìpẹja mìíràn yóò máa padà sọ́dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀, kí wọ́n fi tọ́jú ẹja àti omi. Ẹ rí i pé ó jọ èésú. Gbogbo wa ni a dá owó, nítorí náà olúkúlùkù ní ìpín, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé nítorí pé òun tètè jí, òun yóò kó tòun tẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì gbọ́ nìyí. Wọ́n rò pé gbogbo òfin ẹja ni ó wà kí ẹja má baà tán láyé. Ó yẹ kí a pín in sí ọ̀nà méjì. Òfin kan wà tí mo ń pè ní òfin ìyá ẹja: ó wà fún omi tí ẹja fúnra rẹ̀ ti ń bímọ, kí àwọn ìyá lè yé kí a tó pa wọ́n. Èkejì ni òfin ìpín: ó wà fún omi tí a da ẹja sí, kí ohun tí a jọ sanwó rẹ̀ lè kárí. Nínú adágún tí lọ́rì ń bọ́, ìjọba kò bínú pé ẹ pa ẹja. Nítorí kí ẹ lè pa á ni wọ́n ṣe gbé e wá! Ẹlòmíràn nínú àwọn ẹja náà kò tilẹ̀ ní rí ìparí ìgbà ooru, nítorí omi yóò gbóná mọ́ ọn. Ohun tí ìjọba ń kọ̀ ni kí ẹnì kan ṣoṣo pa ìpín ogún ènìyàn. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní.

Ẹ jẹ́ kí a wo Pennsylvania dáadáa, nítorí òfin tiwọn fi èyí hàn kedere. Ju 3,000,000 tíráòtù lọ ni ìjọba ibẹ̀ ń dà sínú odò àti adágún lọ́dọọdún. Ní oṣù kejì, nígbà tí iṣẹ́ ìdàsómi náà bá fẹ́ẹ́ gbóná, wọn a ti àwọn omi náà pa. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa tíráòtù níbẹ̀ mọ́. Lọ́rì a máa lọ, a máa bọ̀, ẹja a máa wọ omi, àwọn ènìyàn a máa wò ó láti òkèèrè. Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ ní oṣù kẹrin, ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ni wọ́n ń ṣí i. Tẹ́lẹ̀ rí, ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lò, apá ibì kan máa ń ṣáájú apá kejì. Nísinsìnyí, gbogbo ìpínlẹ̀ náà ń ṣí lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Kí ni wọ́n ṣe ń tì í? Ẹ rò ó wò. Bí kò bá sí àtìpa, ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá adágún yóò máa tẹ̀ lé lọ́rì ni. Kí omi tó dákẹ́, ó ti ju ìwọ̀. Òṣìṣẹ́ tí ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, tí ó ń gbé ní ìlú ńlá, yóò dé ní Sátidé, yóò bá omi lásán. Àtìpa yìí kò gba ẹja là lọ́wọ́ ikú. Ẹni tí ó jìnnà ni ó ń dáàbò bò lọ́wọ́ ẹni tí ó súnmọ́.

Bí wọ́n bá ṣí i tán, tíráòtù 5 ni ẹnì kan lè mú lóòjọ́, èyí tí ó bá sì kéré ju íńṣì 7 lọ, kí ó dá a padà. Íńṣì 7 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọwọ́ àgbà ọkùnrin láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka àárín. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí di ọjọ́ Ajé kìn-ín-ní ní oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Láti ọjọ́ kejì rẹ̀ lọ, ìpín náà dín kù sí 3 lóòjọ́, nítorí ẹja tí ó ṣẹ́kù kò pọ̀ mọ́. Báyìí ni ó wà nínú ìwé òfin wọn ti 2025. Ọdọọdún ni wọ́n ń tẹ ìwé náà, nítorí náà ti ọdún tí a wà nínú rẹ̀ ni kí ènìyàn béèrè, kí ó má ka ti èṣín.

Ẹ mú pẹ́ńsù, kí a fi ìṣirò wò ó. Ká ní wọ́n da ẹja 2,000 sínú adágún kan. Ká ní ènìyàn 400 wá ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí i. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá mú 5, ó kárí gẹ́lẹ́. Bí kò bá sí òfin ńkọ́? Àwọn 50 tí ọwọ́ wọn yá jù lè mú 40, 40. Àádọ́ta lọ́nà ogójì, 2,000 ni. Àwọn 350 tó kù, tí àwọn náà ra láísẹ́ǹsì, yóò gbé agbọ̀n òfìfo lọ sílé. Nítòótọ́, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń mú ìpín rẹ̀ pé. Ẹlòmíràn a mú 1, ẹlòmíràn a jókòó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú láìrí nǹkan kan. Ohun tí ó ń jẹ́ kí ẹja ṣẹ́kù fún ọ̀sẹ̀ kejì nìyẹn.

Ẹnì kan lè wí pé, "Ó dára, n ó mú 5 lónìí, 5 lọ́la, 5 lọ́túnla, n ó sì kó gbogbo rẹ̀ pamọ́." Òfin ti rí i ṣáájú rẹ̀. Ní California, 5 ni lóòjọ́ nínú àwọn adágún tí kò ní òfin tiwọn lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n 10 ni gbogbo èyí tí ó lè wà lọ́wọ́ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò kan bóyá ẹja náà tutù, tàbí ó ti di yìnyín, tàbí a ti tọ́jú rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Èyí tí ó wà nínú fìríìjì nílé, a kà á mọ́ ọn. Ẹni tí ó ti ní 10 nílé, kí ó lọ jẹ díẹ̀ ná kí ó tó tún gbé ìwọ̀. Kò sì lè sọ pé òun yóò tà á: ẹja tí a fi láísẹ́ǹsì eré ìpẹja mú kò ṣeé gbé lọ sọ́jà. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó máa ń ṣòro jù fún àwọn ènìyàn wa láti gbọ́, nítorí iṣẹ́ oúnjẹ ni ẹja pípa jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Lọ́dọ̀ tiwọn, nínú àwọn adágún wọ̀nyí, ìgbádùn ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ alẹ́ kan.

Ọmọdé ńkọ́? Ní Pennsylvania, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò ra láísẹ́ǹsì, òun náà sì ní ìpín tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni kí ó mú un. Bàbá kò gbọ́dọ̀ mú 10 kí ó wá ní márùn-ún jẹ́ ti ọmọ tí ń sùn nínú ọkọ̀.

Ó kù ohun tí a fi ń mú un. Àwọ̀n kò sí níbẹ̀ rárá, àfi àwọ̀n kékeré onígi tí a fi ń gbé ẹja tí ó ti kọ́ ìwọ̀ jáde. Ará Ẹ̀pẹ́ wa tí ó bá ká àwọ̀n lé apá níbẹ̀, kí ó tó jù ú ni wọn yóò ti mú un. Ọ̀pá àti ìwọ̀ ni, ní àwọn adágún kan, a kò tilẹ̀ gba ìdẹ láyè. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹja máa ń gbé ìdẹ gidi mì, bí ekòló, ìwọ̀ a sì dé ọ̀fun tàbí ikùn rẹ̀. Bí a bá dá irú ẹja bẹ́ẹ̀ padà sómi, ó lè lúwẹ̀ẹ́ lọ níṣojú wa, kí ó sì kú lẹ́yìn wa. Ìdí nìyí tí ìpínlẹ̀ Washington fi ní in lófin pé tíráòtù tí a fi ìdẹ mú, a ti kà á mọ́ ìpín wa, ì báà jẹ́ pé a dá a padà. Ìdẹ ayédèrú, tí a fi ìyẹ́ tàbí irin ṣe, ètè ẹja ni ó sábà máa ń kọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ẹ́ dá ẹja padà, kí ó kọ́kọ́ fi omi tutù rẹ ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ gbígbẹ ń bó ohun yíyọ̀ ara ẹja kúrò, àìsàn a sì ráyè wọlé.

Kì í ṣe gbogbo adágún ni ó yẹ kí a da ẹja sí. Lórí àwọn òkè ńlá Sierra Nevada ní California, ọ̀pọ̀ adágún wà tí kò ní ẹja kankan láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Wọ́n da tíráòtù sínú wọn, tíráòtù sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ibẹ̀ títí irú ọ̀pọ̀lọ́ kan fi fẹ́rẹ̀ẹ́ run. Wọ́n ti dáwọ́ ìdàsómi dúró ní ibi púpọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń kó ẹja jáde nínú àwọn kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn wé ti ilé. Adágún Kainji, tí ìsédò odò Ọya dá sílẹ̀ ní 1968, kò ní ẹja tíráòtù kankan. Ẹja tí ó wà nínú odò náà ni ó ń bímọ níbẹ̀, nítorí náà òfin ìyá ẹja ni ó yẹ ẹ́. Àwọ̀n gígùn olójú wínníwínní kan wà tí àwọn ènìyàn ń fà wá sí èbúté, tí ó ń gbá ọmọ ẹja ti ọdún tí ń bọ̀ mọ́ ti òní. Irú àwọ̀n yìí ni ìjọba ìpínlẹ̀ Niger àti Kebbi ṣe òfin lé lórí ní àwọn ọdún 1990. Èyí tí ó burú ju àwọ̀n lọ ni májèlé. Àwọn kan ti da Gàmálìn, oògùn kòkó, sínú odò wa rí láti fi pa ẹja. Ó pa ńlá, ó pa kékeré, ó pa ẹyin, ẹni tí ó jẹ ẹja náà sì jẹ májèlé. Ní Amẹ́ríkà, lọ́rì lè wá rọ́pò ẹja tí ó tán. Ní odò tiwa, kò sí lọ́rì tí ń bọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ padà sí etí adágún náà ní Pennsylvania. Ká ní pátákó kan wà níbẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ẹ kà á sókè:

TÍRÁÒTÙ: 5 LÓÒJỌ́ LÁTI ỌJỌ́ ÌṢÍ DÉ ỌJỌ́ AJÉ KÌN-ÍN-NÍ OṢÙ KẸSÀN-ÁN.
LẸ́YÌN ÈYÍ, 3 LÓÒJỌ́.
KÍ Ó MÁ KÉRÉ JU ÍŃṢÌ 7 LỌ.
MÚ LÁÍSẸ́ǸSÌ ÀTI ÌWÉ ÀṢẸ TÍRÁÒTÙ DÁNÍ.

Bàbá kan lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá. Ó ní ìwé méjèèjì. Ó mú tíráòtù mẹ́rin sínú garawa rẹ̀: íńṣì 11, íńṣì 10, íńṣì 9, àti íńṣì 6 àti ààbọ̀. Ẹ̀ṣọ́ dé, ó yọ òṣùwọ̀n, ó wọn ẹja kọ̀ọ̀kan láti ẹnu tí a pa dé dé ìparí ìrù. Ẹ̀ṣẹ̀ mélòó ni bàbá yìí dá? Méjì ni: ẹja kan kéré jù, mẹ́rin sì ju mẹ́ta lọ. Bí ó bá ti dá ẹja kékeré náà padà kí ó tó wọ garawa, kò ní dá ẹyọ kan.